Ẹnu Pọ́lọ́ọ̀gì Ló Yí Padà, Iná Kò Yí Padà

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ ní ìlú Hamburg, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, nígbà tí ikọ́ fée dé sí ìyá àgbà kan tó ti OPIC Estate wa níbí lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ni màmá lọ tọ́jú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí màmá yìí ti ń bá ikọ́ fée yí, ìyẹn àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, nítorí náà ọkàn rẹ̀ kò kọ́kọ́ pòrúurùu. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń sọ oògùn olómi di ìkuukùu kí aláìsàn lè fà á símú, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní nẹ́búláísà. Ọmọ rẹ̀ sì ti ra adápítà sílẹ̀, kí pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà lè wọ ihò iná tiwọn. Wọ́n ti pọ́lọ́ọ̀gì bọ ara ògiri. Ẹ̀rọ náà kùn lẹ́ẹ̀kan, ó rú èéfín, ó sì kú.

A dúpẹ́ pé màmá kò bá a lọ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ pe 112, ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, wọ́n sì fún un ní atẹ́gùn àti oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, tó ń ròyìn fún wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tún bi wá: “Ẹ̀rọ tí mo ti ń lò nílé láti ọdún mẹ́ta, tí iná NEPA wa yìí kò bà jẹ́, báwo ni iná òyìnbó tó dúró sójú kan ṣe wá jó o?”

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn dáhùn ni. Ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa, ní OPIC, ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo, ló ń lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Yúróòpù lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée, tí ẹ̀rọ ìtọ́jú sì wà nínú ẹrù wọn. A bi àwọn tó mọ̀ nípa iná àti àwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa. Ohun tí a gbọ́ rèé.

KÍ LÓ JÓ Ẹ̀RỌ MÀMÁ?

Ọmọ màmá ọkùnrin tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì, tàbí 240 bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Èyí túmọ̀ sí pé agbára iná tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwọn. Ọmọ náà mọ èyí. Ó fi àpótí dúdú kan tó wúwo bí òkúta ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ó ní, “Màámi, inú àpótí yìí ni kí ẹ máa ti pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ̀ o.” Tiransifọ́mà ni àpótí náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín iná wa kù sí ìdajì kó tó dé inú ẹ̀rọ.

Màmá ṣe bí ọmọ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ohun tó rò nípa àpótí náà yàtọ̀. Nílé wa níbí, ta ni kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n? Sitabiláísà là ń pè é, nítorí iná tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ la ṣe rà á. Nítorí náà, nígbà tí màmá ń di ẹrù, tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n tó sì lé, àpótí dúdú yìí ló kọ́kọ́ yọ sílẹ̀. Ó ní, “Iná tiwọn kì í ṣe ségesège. Kí ni mo fẹ́ fi sitabiláísà ṣe níbẹ̀?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni nínú wa tí kò ní rò bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Iná Jámánì kì í ṣe ségesège lóòótọ́, ṣùgbọ́n 230 fóòtì ni, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná Bírítéènì, Faransé, Ítálì àti ìyókù Yúróòpù. Adápítà tí ọmọ rà yí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì padà kó lè wọlé. Kò yí iná padà. Béèyàn bá pa fìlà dà, orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ KÀ Á KÍ Ẹ TÓ TÌ Í BỌ IHÒ

Ara gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo iná ni wọ́n ti kọ irú iná tó fẹ́. Ẹ dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀, tàbí kí ẹ wo ara ṣájà rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí lẹ́tà náà bá kéré jù, ẹ pe ọmọ kan nínú ilé kó kà á fún yín. Ohun mẹ́ta ni ẹ lè bá níbẹ̀:

Àkọ́kọ́, bí wọ́n bá kọ 100–240V, 50/60Hz, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn yóò ṣiṣẹ́ nílé, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Adápítà nìkan ni ẹ nílò. Ṣájà fóònù wà lára irú èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní tí àwọn tí èémí wọn máa ń sé lójú oorun ń lò.

Ìkejì, bí wọ́n bá kọ 220–240V, 50Hz, ẹ̀rọ náà dára nílé, ó sì dára ní Yúróòpù. Òun ni ẹ máa bá lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà tiwa. Ẹ má gbé e lọ sí Amẹ́ríkà.

Ìkẹta, bí wọ́n bá kọ 110V, 115V tàbí 120V nìkan, ẹ dúró! Kò gbọ́dọ̀ fojú kan iná nílé tàbí ní Yúróòpù láìsí tiransifọ́mà. Iye wáàtì tó wà lára tiransifọ́mà náà sì gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Èyí tó sàn jù ni pé kí ẹ ra èyí tó bá iná ibi tí ẹ ń lọ mu.

Ní ti ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo bátìrì kéékèèké mẹ́rin. Ẹ mú bátìrì tuntun dání, ọ̀rọ̀ iná kò ní kàn yín rárá.

IHÒ INÁ WỌN KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Bó bá jẹ́ Bírítéènì lẹ ń lọ, ẹ ò nílò adápítà. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun tí à ń lò, ọ̀dọ̀ wọn la ti jogún rẹ̀; ọdún 1947 ni wọ́n gbé òfin rẹ̀ jáde. Áyálándì, Málítà àti Kípírù náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní Jámánì, Faransé, Sípéènì àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó ni. Ítálì àti Siwitsaláǹdì tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ dárúkọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ fún ẹni tó ń ta adápítà.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Bí ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì yín bá jẹ́ irin, bíi ti áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù, waya tó ń gbé iná lọ sílẹ̀ wà lára rẹ̀ láti dáàbò bò yín. Adápítà pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ní irú ààbò yìí. Ẹ ra èyí tó ní irin ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ihò fún un. Bí ẹ bá rí àmì àpótí kékeré nínú àpótí ńlá lára ẹ̀rọ yín, ìyẹn kò nílò waya náà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ihò iná wọn ní Jámánì àti Faransé kò ní bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ lára ògiri bíi tiwa. Bí pọ́lọ́ọ̀gì bá ti wọlé, iná ti dé nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tì í wọlé.

Ìkẹta ni ihò kékeré tí ẹ máa rí nínú ilé ìwẹ̀ àwọn ará Bírítéènì, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n ni. Agbára rẹ̀ kéré. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìtọ́jú kankan síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi àṣà kan sílẹ̀. A ó fi bírò tẹ ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó sì fipá ti ẹsẹ̀ méjì náà wọlé. Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà ti ṣe é rí. Kò ní fúúsì bíi pọ́lọ́ọ̀gì tiwa, kì í dì mú dáadáa, ó sì máa ń gbóná. Ọ̀nà tí ilé fi ń jó nìyẹn. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀.

LÁTI ILÉ DÉ INÚ BÀÁLÙ

Ẹ̀rọ àti oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí ẹ ń mú wọ inú bàálù, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀. Ẹrù sísàlẹ̀ lè pẹ́ kó tó dé, ó sì lè sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ínsúlínì, ẹ rántí pé bó bá dì bíi yìnyín nísàlẹ̀ bàálù, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, kódà bó bá tún yọ́ padà. Ooru náà ń bà á jẹ́. Ẹ má fi sínú búùtù mọ́tò nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú yín ní Kara tàbí Berger lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú Ikeja.

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù àti páwà báǹkì kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ bàálù, nítorí wọ́n lè gbiná. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ ni wọ́n ń gbà láìbéèrè. Láti 100 dé 160Wh, ẹ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù. Páwà báǹkì tí wọ́n kọ 20,000mAh sí lára sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 74Wh, nítorí náà kò léwu. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù kí ọjọ́ ìrìn àjò tó kò. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sí láyà láti máa ran ọkàn lọ́wọ́, kó mú káàdì rẹ̀ dání, kó sì sọ fún àwọn tó ń yẹ ara wò.

Kí gbogbo yín gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, tó dárúkọ àìsàn, oògùn àti ẹ̀rọ yín.

NỌ́ŃBÀ ṢÚGÀ LÈ ṢI YÍN LỌ́NÀ

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ló ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní mg/dL, tí 100 kì í fi í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ní Bírítéènì, mmol/L ni wọ́n ń lò. Bí nọ́ọ̀sì London bá ní ṣúgà yín jẹ́ 15, ẹ má rò pé ó ti lọ sílẹ̀ jù kí ẹ wá lọ mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀: 270 nílé wa nìyẹn, ó ti ga jù! 6 tiwọn jẹ́ 108 tiwa. Ẹ kọ 18 yìí sínú ìwé ìrìn àjò yín.

KÍ ẸNÍKẸ́NI MÁ GBÉ ARA LÉ Ẹ̀RỌ KAN ṢOṢO

Kí ẹni tó ní ikọ́ fée béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè mú ìfọ́nù ọlọ́wọ́ tí kò lo iná dání pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹ dán ẹ̀rọ yín wò ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ má dúró di òru tí àìsàn bá dé. Nọ́ńbà pàjáwìrì Yúróòpù ni 112. Ní Bírítéènì, 999 tàbí 112. Ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún yín ní físà Schengen, tó gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, ẹ má fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ ibi tó wà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn òbí yín, ẹ má kàn sọ pé “inú èyí ni kí ẹ máa tì í bọ̀.” Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ká ní ọmọ Houston sọ ọ́ ni, ìyá rẹ̀ ì bá ti yọ bàtà méjì kúrò nínú ẹrù dípò àpótí dúdú yẹn.

Màmá tún ń múra láti lọ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Hamburg. Ó ti ra nẹ́búláísà tuntun, ó sì fi ìka rẹ̀ hàn wá níbi tí wọ́n kọ 220–240V sí. Ìfọ́nù ọlọ́wọ́ wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mo ti gbàdúrà, mo sì ti ka àkọlé.” A gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé méjèèjì ló yẹ ká ṣe. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire.