Ìbejì Àárín Nínú Owó Ńlá

Nínú àwọn irú tẹ́tẹ́ káàdì tí a ń pè ní pókà, Texas Hold'em ni ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ní ọdún 2007, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas, ní Amẹ́ríkà, jẹ́rìí sí i pé ìlú Robstown ni orírun rẹ̀. Olúkúlùkù a gba káàdì méjì ní ìkọ̀kọ̀. A ó sì ṣí márùn-ún sójú tábìlì fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá gba 8 méjì, ìbejì ni ó gbà. Ìbejì náà dára, ṣùgbọ́n àárín ni ó wà: irú ìbejì mẹ́fà ni ó ga jù ú lọ, láti orí 9 títí dé Éèsì. Níbo wá ni agbára rẹ̀ mọ?

Ká ní dọ́là 200 wà níwájú oníkálukú, tí àwọn tí ó ti jáde sì ti fi dọ́là 3 ọ̀ranyàn sílẹ̀. Ẹnìkan fi dọ́là 6 lélẹ̀. Bí oníbejì bá san 6 náà lásán, ohun tí ó lé ní 200 ni ó ń fi 6 wá. Nínú ìgbà 100, bí ìgbà 12 ni káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń sọ ìbejì di ìbẹta. Ìgbìyànjú yẹn tọ́.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí owó bá ń gorí owó. Oníbejì sọ 6 di 18. Alátakò sọ ọ́ di 44. Dọ́là 26 ni ó kù láti san. Bí ìbẹta bá wá, tí alátakò sì kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀, èrè jẹ́ 221, ìlọ́po 8 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà 7 àti ààbọ̀ ni ìbẹta máa ń kọ̀ kí ó tó wá lẹ́ẹ̀kan, alátakò kì í sì í san tán nígbà gbogbo.

Àwọn kan a ní kí ó kúkú ti 182 tí ó kù síwájú. Ẹni tí ó gbówó lérí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní Ọbabìnrin méjì, Ọba méjì, Éèsì méjì, tàbí Éèsì pẹ̀lú Ọba. Kì í sì í tètè sá. Ọ̀nà 18 ni àwọn ìbejì ńlá náà lè gbà wá. Ọ̀nà 16 ni ti Éèsì pẹ̀lú Ọba. Níwájú ti àkọ́kọ́, 8 méjì a máa borí ní bí ìgbà 19 nínú 100. Níwájú ti ìkejì, bí ìgbà 55. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bí 36, bẹ́ẹ̀ ni 45 ni owó náà ń béèrè.

Nítorí náà, àfi bí alátakò bá jẹ́ ẹni tí ń fi káàdì lásán halẹ̀, kí oníbejì dà á sílẹ̀. Dọ́là 18 ni ẹni tí ó jáde pàdánù. Ẹni tí ojú ń tì láti jáde lè pàdánù 200. Akínkanjú tí ó mọ ogun jà, tí kò mọ ogun sá, yóò bá ogun lọ.