Ètò ló yẹ kí ó ṣáájú ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ aláàánú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan kọ̀ǹpútà, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àjọ tí kò sí fún èrè ni kì í wo ilé rárá. Wọn yóò kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ, ẹ̀yìn náà ni wọn yóò wá máa ronú ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Bí ó ṣe sábà máa ń rí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ rí. Ọmọ ìlú kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà yóò fi kọ̀ǹpútà márùn-ún ránṣẹ́ sílé. Wọn yóò ya fọ́tò, ọba yóò wúre, wọn yóò pàtẹ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí eruku yóò fi bo àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí pé kò sí iná, kò sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n lò, ẹgbẹ́ kò sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Ní ẹgbẹ́ mìíràn, orí fóònù akọ̀wé nìkan ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó wà. Ọjọ́ tí fóònù yẹn bá sọnù, tàbí tí akọ̀wé bá kó lọ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wọmi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké nìkan. Àwọn àjọ ńlá àgbáyé náà ti kọsẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ní ọdún 2005, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Nicholas Negroponte, kéde pé àjọ tí òun dá sílẹ̀, One Laptop per Child, yóò ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí iye rẹ̀ kò ní ju dọ́là 100 lọ, fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́. Àjọ náà kò sí fún èrè, èrò rere ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ní ọdún 2007, nǹkan bí 300 irú kọ̀ǹpútà yìí dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní ìparí ọdún náà, iye owó rẹ̀ ti gòkè dé nǹkan bí dọ́là 188.

Orílẹ̀-èdè Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ó ra èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Ohun tí wọ́n rà lé ní 800,000. Ní ọdún 2012, báńkì tí ń rí sí ìdàgbàsókè ní agbègbè náà, Inter-American Development Bank, gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ilé-ẹ̀kọ́ 319 ní àwọn ìgbèríko Peru. Wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà dé ọwọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, wọ́n sì rí ìlọsíwájú díẹ̀ nínú ìdánwò làákàyè. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò àti èdè, tí í ṣe olórí ohun tí òbí ń rán ọmọ lọ kọ́, kò sí ẹ̀rí pé àwọn tí ó gba kọ̀ǹpútà sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Agbára káká ni a fi rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wọn. Ẹ̀rọ wà, àmọ́ ètò bí olùkọ́ yóò ṣe máa fi í kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni Malawi, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ilé ìwòsàn St. Gabriel's wà ní ìlú Namitete níbẹ̀. Àwọn tí ó ń tọ́jú tó 250,000 ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn ni abúlé wọn sì jìnnà sí ilé ìwòsàn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ó ń ṣojú ilé ìwòsàn ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Bí aláìsàn bá dákú, tàbí tí ẹni tí ó ní ikọ́-ẹ̀gbẹ bá dẹ́kun oògùn lílò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá sọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì náà a sì máa gun alùpùpù káàkiri láti wá aláìsàn lọ.

Ní ọdún 2008, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford kan, Josh Nesbit, mú fóònù àlòkù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lọ síbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà náà ni FrontlineSMS wà, ìyẹn ètò tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ken Banks, ṣe ní ọdún 2005, tí ó sì fi ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti fi wáyà so fóònù kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ilé ìwòsàn lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo olùyọ̀ǹda lẹ́ẹ̀kan náà, kí èsì wọn sì máa wọlé síbi kan.

Olùyọ̀ǹda 75 ni ó gba fóònù. Àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nǹkan bí dọ́là 3,000 ni ilé ìwòsàn rí fi pa mọ́ lórí owó epo, nígbà tí ìnáwó lórí iṣẹ́ náà kò ju dọ́là 250 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ìbá gbà wọ́n ní wákàtí 2,048. Iye àwọn alárùn ikọ́-ẹ̀gbẹ tí ilé ìwòsàn lágbára láti bójú tó di ìlọ́po méjì, ó dé 200.

Nàìjíríà náà ti jẹ àǹfààní irú ètò yìí. Nígbà ìdìbò ààrẹ ní oṣù kẹrin ọdún 2007, Network of Mobile Election Monitors, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣọ́ ìdìbò, lo FrontlineSMS láti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú nípa ohun tí ojú wọn rí ní ibùdó ìdìbò. Fóònù tí ó ti wà lápò àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín Peru àti Namitete? Kì í ṣe owó, nítorí owó Peru pọ̀ jù lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Ní Namitete, wọ́n ti mọ ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú kí ẹ̀rọ tó dé: ọ̀nà jìn, ìròyìn kì í tètè dé. Wọ́n mọ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ náà, wọ́n sì mú èyí tí agbára ibẹ̀ ká.

Ohun tí à ń pè ní ètò kò ju ìyẹn lọ. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ wo ni ó ń dá ẹgbẹ́ lágara? Bí ó bá jẹ́ pé owó oṣooṣù ni kì í lákọsílẹ̀ tó péye, bóyá ìwé ńlá kan àti akápò tó ṣeé fọkàn tán ni wọ́n nílò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Èkejì, ta ni yóò máa lò ó, ta ni yóò sì kọ́ ọ? Ó yẹ kí wọ́n tó ènìyàn méjì ó kéré tán, kí ìrìn-àjò tàbí àìsàn ẹnì kan má baà ti ọ́fíìsì pa.

Ẹ̀kẹta ni owó. Iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó lásán. Epo jẹnẹrétọ̀ tàbí iná oòrùn wà níbẹ̀, owó dátà wà níbẹ̀, àtúnṣe náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ a sì máa gbó, ọjọ́ tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìṣúná. Ọ̀fẹ́ gan-an ní ìnáwó tirẹ̀: ọ̀fẹ́ ni FrontlineSMS ní Namitete, síbẹ̀ wọ́n ná dọ́là 250 kí iṣẹ́ náà tó lè máa lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìpamọ́. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà níbi kan ṣoṣo. Kí ẹ̀dà kan wà ní ọ́fíìsì, kí òmíràn wà níbi tí iná tàbí olè kò ti lè kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí ó ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i, kì í ṣe akọ̀wé nìkan. Òfin pàápàá ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí àìsàn àwọn ènìyàn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò sì gbọdọ̀ máa pín in kiri.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí tí ó gba kí ènìyàn mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Ẹni tí ó bá ti bójú tó oko, ọjà tàbí ilé rí mọ bí a ṣe ń bèèrè wọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá tún gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá sí ìpàdé, kí àwọn bàbá àti ìyá má ṣe tìtorí pé ayé ti di ti kọ̀ǹpútà kí wọ́n dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí wọ́n bèèrè ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe, ẹni tí yóò ṣe é, iye tí yóò máa ná ẹgbẹ́ lọ́dọọdún àti ibi tí àkọsílẹ̀ yóò máa wà, kí wọ́n tó dá kọ́bọ̀.