Iṣẹ́ Ìròyìn àti Eré Ṣíṣe: Ìmúrasílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ nínú Kíláàsì Yorùbá

Ìbéèrè kan wà tí kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ọ rí: "Kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Àwọn ọmọ a máa béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn òbí a sì máa béèrè rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fún wọn ni pé, "O lè ṣiṣẹ́ ní rédíò." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó. Nítorí pé kò tó ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹnu wọn dá ṣáká ṣe ń ju Yorùbá sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, kí a sì wo ibi tí ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó. Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àti Ìbàdàn ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa.

Iṣẹ́ kan tàbí iṣẹ́ púpọ̀?

Kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ń sọ. Ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ẹni tí ń ka ìròyìn yàtọ̀ sí ẹni tí ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà lè máa ṣe méjèèjì. Olóòtú wà, atọ́kùn ètò wà, agbohùnsílẹ̀ sì wà. Nínú iṣẹ́ fíìmù, yàtọ̀ sí òṣèré tí gbogbo ayé ń rí, òǹkọ̀wé eré wà, ayàwòrán wà, ẹni tí ń kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà sì wà. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tún ń bẹ lọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í gba owó oṣù. Ṣe ni wọ́n ń fi owó ara wọn ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń wá ìpolówó ọjà tí yóò dá owó náà padà. Ó yẹ kí á sọ èyí fún ọmọ tí ó bá ní ohùn dídùn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kò mọ ìṣirò owó, gbèsè ni yóò fi àwàdà rẹ̀ jẹ.

Àwọn tí ó ti rin ọ̀nà náà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà, 1959, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí ó ti pèsè òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún un nílẹ̀ yìí. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà, gbogbo wa sì mọ Baṣọ̀run Gáà (1972) rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Fálétí kọ́ ní yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1974: èdè Faransé ni ó kọ́ ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó sì wà tí ó fi kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Ní ti Túndé Kèlání, ó ti ṣe ayàwòrán ní WNTV, ó sì kọ́ iṣẹ́ sinimá ní London. Nígbà tí Saworoidẹ jáde ní 1999, Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, Kèlání ni ó darí rẹ̀.

Àkíyèsí wa ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi Yorùbá nìkan jẹun. Kò sì sí ẹni tí ó jù ú sílẹ̀. Ìmọ̀ mìíràn wà tí olúkúlùkù so mọ́ ọn. Èyí ni ó yẹ kí á máa sọ fún àwọn ọmọ dípò "O lè ṣiṣẹ́ ní rédíò": Yorùbá pẹ̀lú kí ni?

Àwọn ọmọ mìíràn a máa fi Láńrewájú Adépọ̀jù, akéwì tí ó kú ní 2023, dá wa lóhùn, pé kò lọ sí ilé-ìwé, síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìgbésí ayé rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, iṣẹ́ ni ó sì fi kọ́ iṣẹ́. Kì í ṣe pé kò múra sílẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà múra. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà ní Ifẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Ní Òrí Olókun, níbi tí a ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, ní 1968, àti ọmọwé àti oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó jọ ń ṣiṣẹ́. Jímọ̀ Buraimoh tí ó di gbajúmọ̀ ayàwòrán, iná ìtàgé ni ó ń tọ́jú fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo tẹ́lẹ̀.

Ibi tí kíláàsì wa kù sí

Orí ìwé nìkan ni ìdánwò Yorùbá tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní àṣekágbá mọ; etí olùyẹ̀wò kì í gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ọmọ lè gba máàkì gíga nínú àmì ohùn kí ó má sì lè ka ojú-ewé kan láìkọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àmì ohùn ni oúnjẹ oníròyìn. Ká ní a gbé ìwé kan lé akàròyìn lọ́wọ́, tí a kọ "oko naa jona" sí i láìsí àmì kankan. Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ ìyàwó kan? Kí ó tó la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ ti ka ìtàn náà tán, kí ó sì ti fi kálámù fi àmì sí i fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe irú èyí ní kíláàsì: ẹ fún wọn ní àyọkà tí kò ní àmì, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sì kà á sókè.

Ìtumọ̀ ni ó tún le jù. A máa ń gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́ pé "Ìpàdé náà gba ààyè ní Òṣogbo." Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ agbádá nìyẹn. Yorùbá yóò sọ pé "Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà." A tún ń gbọ́ "A ń wo iwájú láti rí yín," nígbà tí "À ń retí yín" wà nílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké ni ó máa ń túmọ̀ báyìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ìtumọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ń kẹ́gàn Gẹ̀ẹ́sì níwájú àwọn ọmọ ń pa wọ́n lára. Láìjẹ́ pé wọ́n yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì pàápàá kò ní í gbà wọ́n. Òǹkà náà ńkọ́? Ọmọ mélòó ni ó lè rí 1,900 kí ó sì pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá lójú ẹsẹ̀?

Ní ti àròkọ, a ní èyí tí ó bá iṣẹ́ yìí mu gan-an, àròkọ oníṣọ̀rọ̀ǹgbèsì. Ṣùgbọ́n ìlànà kíkọ rẹ̀ ni a ń fún ní máàkì: orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní apá òsì, àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀. A kì í béèrè bóyá èèyàn lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Bí ọmọ méjì bá dìde kà á síwájú kíláàsì, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ ibi tí ó ti gún régé àti ibi tí ó ti dà bí ìwé òfin.

Àwọn nǹkan díẹ̀ kù tí kò gba àlàyé púpọ̀. Kí olùkọ́ ka ìwé ìlànà JAMB pẹ̀lú ọmọ kí ó tó yan àwọn ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe, kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò. Kí ọmọ kọ́ bí a ti ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé. Láti 2018 tí BBC ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn Yorùbá, iṣẹ́ kíkọ ti ń gbèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ sísọ. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ ní Òrísun FM nítòsí, a sì ní Great FM nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀; ó yẹ kí àwọn ọmọ wọ ibẹ̀, kí wọ́n jókòó ti ẹni tí ń túmọ̀ ìròyìn fún wákàtí kan péré.

Ní ti ẹ̀yin olùyẹ̀wò, ohun kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀ yín fún. Bí a kò bá tíì lè ṣe ìdánwò àfẹnuṣe nítorí owó àti iye ọmọ, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè kan wà nínú ìwé ìdánwò tí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìròyìn kúkúrú tí a túmọ̀ ní ìtumọ̀kútumọ̀, kí ó tún un ṣe sí Yorùbá tí ìyá rẹ̀ yóò gbọ́, kí ó sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Máàkì mẹ́wàá tó fún un. Ohun tí ìdánwò bá béèrè ni olùkọ́ yóò kọ́.