Ẹlẹ́rìí tíntìntín inú òkúta

Láti Àjàṣẹ́ títí dé etíkun, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun ni ó tò ní ìpele-ìpele lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gbẹ́lẹ̀ ti fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kí ó tó gbé e jáde? Egungun ńlá kì í là á já. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó a máa là á já.

Afẹ́fẹ́ àti odò ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú yìí lọ sínú ọ̀sà àti òkun, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Nǹkan bí 30 hóró rẹ̀ lè tò sínú mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: àwọn onímọ̀ a da ásíìdì lé òkúta, òkúta a yọ́, hóró a ṣẹ́kù. Wọn a wá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Wọn a tún rí àpò líle àwọn ewé omi tíntìntín tí à ń pè ní dinoflagellate. Bí méjèèjì bá wà nínú òkúta kan, ẹ̀rí ilẹ̀ àti ẹ̀rí òkun pàdé nìyẹn.

Ewéko kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tí ó dé àti ìgbà tí ó parẹ́. Hóró Elaterosporites, tí ó ní apá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ kọrọdọ, wà nínú òkúta Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ti Bràsíìlì, láti nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, òkun tí ó wà láàárín wọn ṣì tóóró.

Hóró kì í ka ọdún. Ó ń to ìpele ni. Iye ọdún ń wá láti inú eérú òkè oníná ìgbàanì, níbi tí yuréníọ̀mù ti ń di òjé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí a mọ̀. Ẹlẹ́rìí yìí sì lè ṣini lọ́nà: òkúta ìpele òkè lè já bọ́ sínú kànga tí a ń gbẹ́, odò sì lè hú hóró àtijọ́ kó o sínú ẹrẹ̀ tuntun. Nítorí náà, onímọ̀ kì í dájọ́ lórí hóró kan ṣoṣo. Gbogbo agbo wọn ni ó ń yẹ̀ wò.

Ní 1968 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n fà á láti 1982 di 1998. Owó gọbọi ni gbígbẹ́ kànga epo, ẹni tí kò bá sì mọ ìpele tí ó dé lè ná an dànù. Àwọ̀ hóró pẹ̀lú ń ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá jọ àwọ̀ ìyeyè, ooru ilẹ̀ kò tíì tó láti bí epo. Bí ó bá rí bí ara ẹ̀pà, ó ti tó. Bí ó bá dúdú kirikiri, ooru ti pọ̀ jù.