Ilé Báǹkì Tí Wọ́n Wọ̀ Láṣọ Páànù

Gbogbo wa ni a mọ páànù. Ní Òkè-Ìlá níhìn-ín, ní Adó-Èkìtì, orí ilé ni a ń kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú Dawson, ní àríwá orílẹ̀-èdè Kánádà, ilé báǹkì kan wà tí ó jẹ́ pé ara ògiri ni wọ́n kan páànù mọ́. Ọdún 1901 ni wọ́n kọ́ ọ. Kí ló dé tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi di ohun àjogúnbá?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, wọ́n rí wúrà nínú odò kékeré kan nítòsí ibẹ̀. Wúrà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tiwa náà, ní agbègbè Ìtagúnmòdì, ṣùgbọ́n ti Dawson mú kí èrò ya lọ bí omi. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1898, àwọn tí ó wà nínú ìlú náà ti tó bí 30,000. Àwọn ẹ̀yà Tr'ondëk Hwëch'in, tí wọ́n ni ilẹ̀, ní láti kó kúrò fún àwọn àlejò.

Owó bébà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Wúrà tí ó kúnná bí iyanrìn ni wọ́n ń ná. Awakùsà a máa dà á sínú àpò awọ. Bí ó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, ọlọ́jà yóò gbé wúrà lé òṣùwọ̀n. Bí ọwọ́ ọlọ́jà kò bá mọ́ ńkọ́? Bí olè bá gbé àpò lọ lóru ńkọ́? Ìdí nìyí tí báǹkì fi wọ ìlú náà ní ọdún 1898. Báǹkì a máa wọn wúrà, a sì máa fi owó rà á.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó iṣẹ́ odindi ọdún lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́? Canadian Bank of Commerce mọ̀ pé ilé òun gbọ́dọ̀ dàbí ilé tí kò lè ṣubú. Òkúta sì wúwo, ọ̀nà jìn, abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dì bí yìnyín, ilé a sì máa rì bí ó bá yọ́. Nítorí náà, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n wá tẹ páànù kí ó lè jọ òkúta gbígbẹ́, wọ́n sì fi bo pákó náà. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè yóò rò pé òkúta ni. Èmi kò ní pè é ní ẹ̀tàn. Bí a ti ń wọ aṣọ òkè lọ sóde ni.

Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Iná ti jó ilé 117 ní Dawson ní ọdún 1899, ọ̀pọ̀ awakùsà sì ti sáré lọ wá wúrà ní Alaska. Àwọn ènìyàn ń dirù, báǹkì ń kọ́lé! Ó ń sọ fún àwọn tí ó kù pé ìlú kò ní tú.

Robert Service, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn, ṣe akọ̀wé báǹkì yìí ní ọdún 1908 sí 1909. Ní ọdún 1988, Kánádà ka ilé náà mọ́ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Báǹkì ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí yóò bá tún un ṣe kò gbọdọ̀ fi òkúta gidi rọ́pò páànù rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé mìíràn ni ó kọ́.