Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Nígbà Tí Ọmọ Yín Yóò Lọ Sùn Sí Ìgbèríko Fún Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n abiyamọ wo ni àyà rẹ̀ kì í já nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ lọ sùn níbi tí ojú òun kò tó? Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò pẹ́ bí ó yá, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín mú fọ́ọ̀mù kan bọ̀ láti ilé-ìwé, kí ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. A ó lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní ìgbèríko." Ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wa ni pé, "Ṣé inú igbó ni wọ́n ti ń kàwé ni?" Kí ẹ tó dá fọ́ọ̀mù náà padà láìfọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà, Francis Butler, ẹni tí í ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, kó àwọn ènìyàn jọ láti dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Field Studies Council lónìí sílẹ̀. Èrò wọn ni pé ìwé nìkan kò tó láti fi mọ ewéko, ẹranko àti ilẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi tí wọ́n wà, kí ó sì sùn níbẹ̀, kí àyè lè gbà á láti wò wọ́n dáadáa. Ní 1946, wọ́n ṣí ibùdó wọn àkọ́kọ́ ní Flatford Mill, ní Suffolk. Ilé ìlọkà àtijọ́ ni, lẹ́bàá odò Stour. Bàbá John Constable, ayàwòrán olókìkí nì, ni ó ni ín nígbà kan rí. Títí di òní ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọ̀ síbẹ̀. Òmíràn tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù ni Juniper Hall, ní Surrey.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀

Kì í ṣe eré ni wọ́n bá lọ. Ọmọ a wọ bàtà rọ́bà, a bọ́ sínú odò kékeré, a fi ẹsẹ̀ ru ìsàlẹ̀ omi, kí ohun tí ó fara pamọ́ síbẹ̀ lè ṣàn wọ inú àwọ̀n. Wọn a dà á sínú àwo funfun pẹrẹsẹ, wọn a sì wo irú kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní mayfly kì í fẹ́ omi ìdọ̀tí. Bí ó bá pọ̀, omi náà mọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn aràn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rí, ìdọ̀tí ti wọ odò náà, bí ó tilẹ̀ mọ́ gaara lójú.

Wọn a tún ka ìgbín láìjẹ́ pé wọ́n mú gbogbo wọn. Ká ní wọ́n mú 40, wọ́n kán ọ̀dà díẹ̀ sí ìkarawun wọn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú 50, wọ́n sì bá ọ̀dà lára 10. Ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn. Nítorí náà, 40 àkọ́kọ́ yóò jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìgbín ibẹ̀, èyí tí í ṣe bí 200. Ní alẹ́, wọn a jókòó ti ìṣirò ohun tí wọ́n rí lọ́sàn-án.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ìdánwò pẹ̀lú. Láti 2016 ni a ti là á kalẹ̀ ní England pé ẹni tí ó bá ń ka jọ́gíráfì fún A-level gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 4, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ ìta, kí ó sì ṣe ìwádìí tirẹ̀, tí ó gba 20 nínú 100 máàkì. Ẹni tí a bá dá dúró nílé lè fara gbá a.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè

Ẹ béèrè owó. Ilé-ìwé ìjọba lè gba owó oúnjẹ àti ibùsùn, ṣùgbọ́n òfin yọ àwọn òbí tí ń gba irú ìrànwọ́ ìjọba kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́.

Ẹ béèrè ibi tí àwọn ọmọbìnrin yóò sùn, àti olùkọ́ tí yóò wà nítòsí wọn lóru. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má ṣe dá ọmọbìnrin dúró nítorí pé òun ni í bá yín tọ́jú àwọn àbúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìlera. Bí ọmọ yín bá ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ má ṣe fi pamọ́. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ lè dá ìrora náà sílẹ̀, odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a sì máa tutù nígbà ooru pàápàá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ sì sọ ọ́ fún olùkọ́ lójúkojú. Ẹ di oògùn, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀ fún un. Ó lè dúró létí odò kí ó máa ka kòkòrò nínú àwo, kí ẹlòmíràn máa bọ́ sómi.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò tíì tó lọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ na okùn yí wọn ká, kí ó jẹ́ ààbọ̀ mítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí ọmọ ka oríṣi ewé tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì tún ṣe é níbòmíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yan ibi tí ó wù ú nìkan, nítorí irọ́ ni yóò máa pa fún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó bá sì ti Flatford dé, kí ẹ tó béèrè aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo rí?" Kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ.