Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà Ní Ìlú Delhi

Àwọn ènìyàn wa tí ń lọ sí ilẹ̀ Íńdíà kò kéré. Ẹlòmíràn ń lọ kàwé, ẹlòmíràn ń lọ rajà, àwọn mìíràn sì ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Delhi. Dókítà yóò máa tọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sìn ín lọ ńkọ́? Òun náà ní ikùn. Yóò jáde sí ojú títì, òórùn òróró gbígbóná yóò gba imú rẹ̀, yóò rí àwọn ènìyàn tí wọ́n yí ọmọlanke kan ká tí wọ́n ń jẹun, kò sì ní mọ orúkọ ohunkóhun nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Bí òun náà bá wá dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ni yóò tọ́jú èkejì? Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ èyí, àti nítorí ẹ̀yin tí ẹ kò lọ síbì kan ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ mọ bí ọmọ aráyé ti ń jẹun.

Delhi ni olú-ìlú Íńdíà. Ó wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Delhi Àtijọ́. Ọba Shah Jahan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1639. Jahanara, ọmọbìnrin ọba náà, ni ó ní kí wọ́n la ọjà ńlá ibẹ̀ ní 1650. Orúkọ ọjà náà ni Chandni Chowk. Ẹ pè é ní Ṣáńdínì Ṣọ́ọ̀kì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìta òṣùpá, nítorí omi kan wà láàárín rẹ̀ nígbà náà tí òṣùpá máa ń tàn sí. Omi náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọjà wà, èrò sì wà. Láti 2021 ni wọ́n ti fi òfin de ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú ọ̀nà náà ní ọ̀sán, nítorí náà ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn ín, tàbí kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà.

Kí a tó dárúkọ oúnjẹ kankan, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ omi. Ìgbẹ́ gbuuru, taífọ́ọ̀dù àti onígbáméjì, inú omi tí kò mọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà wọ inú ènìyàn. Bí omi bá hó dáadáa, kòkòrò àrùn wọ̀nyí kú. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú olóúnjẹ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé iná ni oúnjẹ yìí ti ń bọ̀ nísinsìnyí, lójú mi? Lẹ́yìn tí ó kúrò lórí iná, ṣé omi tútù tàbí ewé tútù tún kàn án? Ó tán. Ẹ fi ìbéèrè méjèèjì sọ́kàn, kí a máa lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí jàlébì. Fùláwà ni wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó kan díẹ̀. Alásè yóò bù ú sínú aṣọ tí ó ní ihò kékeré kan, yóò sì máa fún un sínú òróró gbígbóná, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yí po, yí po, títí yóò fi dà bí okùn tí a ká jọ. Bí ó bá ti pọ́n, yóò fi sínú omi ṣúgà. Bí ẹ bá gé e jẹ, òde rẹ̀ yóò dún kẹ́kẹ́, omi ṣúgà yóò sì tú jáde láti inú. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní igun ọ̀nà Dariba níbẹ̀ tí ó ti ń dín in láti 1884. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, kí ó wò ó kí ó máa kọjá lọ.

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yìí tí wọ́n ti ń ta paráńtà láti nǹkan bí 1870 síwájú. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe paráńtà. Wọ́n á pò ó, wọ́n á fi ọ̀dùnkún òyìnbó tàbí ẹ̀fọ́ mìíràn sí inú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á wá dín in nínú gíì. Bọ́tà tí wọ́n yọ́ lórí iná títí omi rẹ̀ fi gbẹ ni gíì. Àwọn tí ó ni ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kì í fi ẹran sí i, wọn kì í fi alùbọ́sà tàbí aáyù sí i, nítorí ẹ̀sìn wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹran yóò lọ sí ibòmíràn.

Èyí tí a fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni ṣólè àti bátúrè. Ṣólè ni ẹ̀wà róbótó kan tí ó ní imú ṣóńṣó, tí ó tóbi ju ẹ̀wà tiwa lọ. Wọ́n á sè é pẹ̀lú èròjà púpọ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ewé tíì sè é kí ó lè dúdú. Bátúrè ni fùláwà tí wọ́n fi wàrà kíkan pò, tí wọ́n dín, tí ó wú bí bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Punjab ni ó sọ ọ́ di oúnjẹ Delhi. Ní 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, Íńdíà àti Pakistan. Ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó sá kúrò ní ilé bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dé Delhi kò ní ilé, wọn kò ní oko, àfi ìkòkò àti ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Wọ́n gbé iná kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń tà. Lónìí, bí ẹ bá ní kí ará Delhi dárúkọ oúnjẹ ìlú rẹ̀, oúnjẹ àwọn asásálà yìí wà lára èyí tí yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó gbóná, ó sì ń yó ènìyàn. Alùbọ́sà tútù tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dín àkàrà, ọ̀rọ̀ yín ló kàn yìí. Àwọn ará Delhi a máa rẹ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ sínú omi, wọ́n a bó èèpo rẹ̀, wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a fi ọwọ́ lù ú títí yóò fi wú, wọ́n a wá máa dá a sínú òróró gbígbóná. Kí ni ẹ ń pe ìyẹn? Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró níbẹ̀. Wọ́n a jù ú sínú omi kí ó rọ̀, wọ́n a fún un, wọ́n a da wàrà kíkan lé e lórí, pẹ̀lú omi àjàgbọn tí wọ́n fi ṣúgà sí. Dàhí bàlà ni orúkọ rẹ̀. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àkàrà tútù nínú wàrà! Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò kò ní gbà pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè kejì: irú omi wo ni wọ́n jù ú sí? Nítorí náà inú ilé oúnjẹ tí ó mọ́ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ lè jẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà ni àbúrò rẹ̀, ráàmù láádù, tí wọ́n ń ti inú òróró fún yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún un kí ó má fi ewé lílọ̀ sí i.

Nísinsìnyí, gólígápà. Kò sí ohun tí àwọn ará ìlú náà, àgàgà àwọn obìnrin àti ọmọ ilé-ìwé, fẹ́ràn tó o. Ó jẹ́ ohun róbótó tín-ín-rín tí wọ́n dín, tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí ń tà á yóò fi àtàǹpàkò lu ihò sí i, yóò fi ọ̀dùnkún sísè sí inú rẹ̀, yóò wá rì í bọ inú ìkòkò omi tí wọ́n fi àjàgbọn, ata, iyọ̀ àti ewé olóòórùn dídùn ṣe. Ẹ gbọdọ̀ jù ú sẹ́nu lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá gé e, omi yóò dà sí aṣọ yín. Bí ẹ ti ń gbé ọ̀kan mì ni yóò máa fún yín ní òmíràn, títí ẹ ó fi sọ pé “bàs”, èyíinì ni “ó tó”. Ní Bombay, tí ó ń jẹ́ Mumbai nísinsìnyí, wọ́n ń pè é ní pààní púrì. Ní Kolkata, fúṣíkà.

Omi náà kò gbóná, ọwọ́ olùtajà sì wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tí a bí síbẹ̀ lè jẹ 10 kí ó sì sùn dáadáa. Àlejò lè jẹ ọ̀kan kí ó má sùn rárá. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi omi inú ìgò ṣe é, wọ́n a sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ọmọlanke wọn. Ẹni tí ó bá lè kà yóò rí i. Bí ẹ kò bá rí irú ìyẹn, ẹ béèrè “súkà”, gbígbẹ, èyí tí kò ní omi. Àwọn tí ó jẹun tán sábà máa ń gba ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní ìparí gẹ́gẹ́ bí ènì.

Ní ìgbà òtútù nìkan, láti bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, wọ́n a máa ta fóòmù wàrà tí ń jẹ́ dàúlátì kì ṣáátì. Òru ni wọ́n ń lù ú, wọ́n a fi í síta kí ìrì sẹ̀ sí i. Ó fúyẹ́ bí òwú. Iná kò kàn án lẹ́yìn tí wọ́n lù ú, nítorí náà ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn kí ó fojú jẹ ẹ́.

Ẹran wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá, Jama Masjid, tí wọ́n kọ́ parí ní 1656. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń ta niárì, ẹran tí ó ti wà lórí iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láti alẹ́ àná. Ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó tí kò ní eyín lè jẹ ẹ́. Ẹran ewúrẹ́ tàbí ti ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn ni. Ẹ má béèrè ẹran màlúù: òfin Delhi ti ka pípa á léèwọ̀ láti 1994, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ sì ń bọ̀wọ̀ fún màlúù nínú ẹ̀sìn wọn.

Tíì wọn, ẹ mu ún láìbẹ̀rù. Wọ́n a hó omi, wàrà, ṣúgà àti atalẹ̀ pọ̀ ni. Ife amọ̀ tí wọ́n bù ú sí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹ lè há sórí nìyí. Gáràm ni gbígbóná. Pààní ni omi. Kìtnè ni èló. Mírìṣì ni ata. Ata wọn kò ní bà yín lẹ́rù. Ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú tiwa. Amẹ́ríkà ni orírun ata, àwọn oníṣòwò Potogí ni ó sì gbé e kọjá òkun.

Ó ku àwọn tí ń tà á. Ọjọ́ pẹ́ tí ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ti ń lé wọn, tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ọmọlanke wọn, tí wọ́n sì ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn. Ní 2014 ni ìjọba Íńdíà ṣe òfin kan fún wọn. Òfin náà ní kí wọ́n ka àwọn olùtajà ojú ọ̀nà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún wọn ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n má sì lé ẹnikẹ́ni kí kíkà náà tó parí. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò rẹ̀, ó kéré tán 40 nínú 100 àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olùtajà fúnra wọn, obìnrin sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Òfin wà nínú ìwé. Lójú ọ̀nà, ìjà náà kò tíì tán. Ẹni tí ó ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì lè kà á ní ohun tí yóò nà sí òṣìṣẹ́ tí ó bá wá lé e. Ní 2020, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti ba ọjà wọn jẹ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí yá wọn ní 10,000 rúpì láìgba ohun ìdúró.

Ẹ ó rí páálí kékeré tí àmì dúdú àti funfun wà lára rẹ̀ ní ara ọmọlanke púpọ̀. Fóònù ni àwọn ará ibẹ̀ ń nà sí i láti fi sanwó. Fóònù ti àlejò lè má ṣe é, nítorí náà ẹ mú owó kéékèèké dání, 10 rúpì, 20 àti 50. Bí ẹ bá na 500 sí ẹni tí ń ta tíì ní àárọ̀ kùtù, kò ní rí ṣéńjì fún yín.